Ilẹ̀ Tí Mo Sọ Pé Ó Le

                                        Glyndon Estate,
                                        Plumstead,
                                        London.
                                        Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kọkànlá, 1992.

Japheth, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ìyàwó rẹ àti àwọn ìbejì ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Keziah ìyàwó mi ṣì ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead, ó ní kí n kí ọ. Ara mi le, Japheth, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Láti ìparí oṣù kẹsàn-án ni òjò ti ń rọ̀ níbí. Kì í ṣe irú tiwa tó máa ń rọ̀ wàì, tí oòrùn á sì yọ. Ó kàn ń kán wínníwínní tàárọ̀ talẹ́ ni, ilẹ̀ ò sì ráyè gbẹ. O mọ̀ pé pápá gọ́ọ̀fù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ihò tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀ wà ni wọ́n ń pè ní gíríìnì. Koríko ibẹ̀ kúrú bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀, wọ́n sì ń kẹ́ ẹ ju ọmọ lọ. Fọ́ọ̀kì ńlá tí wọ́n fi ń tú ilẹ̀ la fi ń gún un kí omi lè ráyè wọlẹ̀. Tí a bá gún un tán, òjò á tún dé.

Michael lorúkọ ọ̀gá wa. Bàbá ni mo ń pè wọ́n nínú ọkàn mi, torí ẹgbẹ́ bàbá mi ni wọ́n. Wọ́n ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbẹ̀, Kérésì yìí ni wọ́n fẹ́ fẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí mi tí mo bọ́ bàtà, tí mo ń fi ẹsẹ̀ lásán dán ilẹ̀ wò, bí a ṣe máa ń ṣe lóko bàbá mi n'Ìjẹ̀bú. Àwọn yòókù fi mí rẹ́rìn-ín, Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, kí ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko tó wọ gíríìnì kankan, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí bóyá ilẹ̀ le tó láti gbé e.

Ìdíje kan wà fún ọjọ́ Àbámẹ́ta, kọmití tó ń darí pápá náà sì ti ń yọ Bàbá lẹ́nu pé koríko ti ga jù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá ti jókòó sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi bi mí bóyá ilẹ̀ gíríìnì keje le. Mo ti tẹ̀ ẹ́ wò, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ó hàn lójú wọn pé "ó le" ni wọ́n fẹ́ gbọ́. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹnu mi ò gbà á láti ko àgbà lójú níwájú àwọn ọmọṣẹ́ wọn. Mo ní, "Yes, sir."

Ẹ̀rọ náà ò dé ìdajì tó fi rì. Nígbà tí a fi máa fi tírákítọ̀ fà á jáde, ibẹ̀ ti dà bí ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ ti jà. Wọ́n fagi lé ìdíje, kọmití sì yarí. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ti ń dààmú Bàbá, pé ó yẹ kó lọ kí Kérésì tó dé. Ọ̀la ni wọ́n máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà panu mọ́, torí oyún Keziah ti pé oṣù méje, ẹ̀rù iṣẹ́ mi sì ń bà mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá ní kí n tún wá dán ilẹ̀ wò. Mo bọ́ bàtà, ẹrẹ̀ bo ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi. Wọ́n bi mí bóyá ó le. Mo ní rárá, kò le. Wọ́n mi orí. Wọ́n wá rọra bi mí bóyá mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà. Mo dorí kodò, mo ń wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n rí i pé òtútù ń mú mi, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé bàtà mi síwájú mi kí n wọ̀ ọ́. Japheth, àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ gbé bàtà fún mi. Omi bọ́ lójú mi, ojú sì tì mí gidigidi.

Mo ti sọ fún Keziah. Ó sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ló dìde, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí màá wọ̀ lọ́la. Aago mẹ́wàá ni màá wọlé tọ kọmití. Màá sọ fún wọn pé Bàbá bi mí, èmi ni mo parọ́.

Bá mi kí Màmá, kí o sì kí ìyàwó rẹ. Tí ìyá mi bá béèrè mi lọ́wọ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, má sọ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Sọ fún wọn bó ṣe rí gan-an.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Ọlágúnjú.