Orúnkún Tí Mo Fi Kúnlẹ̀ Bí Ọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú gígun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí ò ń gbé, mo sì kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń bọ́ ọ ní yunifásítì yẹn náà kú iṣẹ́. Ọ̀nà tí ò ń rìn kò ní hu ẹ̀gún, ẹni tí kò fẹ́ kí o sùn kò ní rí ibi jókòó. Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó rẹ ń jẹun dáadáa? Tí ẹ bá ń béèrè mi, mo wà, mo ń jẹ, mo ń mu, òrùlé kò jò, adìyẹ funfun ti pa ọmọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún ọ̀tún nìkan ni kò gbọ́ràn. Òun àti ẹ̀rù. Nítorí ohun tí etí mi gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ mi, ó yà mí lẹ́nu títí ẹnu náà fi ń ro mí.

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o, má wo bí ìlà mi ṣe ń gun òkè bí ìgbín orí ògiri. O mọ̀ pé mi ò fọkàn tán fóònù mọ́ láti ọjọ́ tí mo ń ṣàdúrà fún ọ nínú rẹ̀, tí mo sọ pé Ọlọ́run á pa ọ́, tí fóònù sì já kí n tó sọ pé mọ́. Àyà mi já! Mo dìde sí àárín yàrá, mo ń pariwo pé mọ́, mọ́, mọ́, títí aládùúgbò fi sáré wá béèrè bóyá ewúrẹ́ ló wọ ilé ìdáná mi.

Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí o ní kí n lọ, mo ń lọ. Àwọn yòókù ti ń bá ara wọn bọ̀ láti ọdún tó kọjá, èmi ni àlejò láàárín wọn, torí náà ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó, lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí mo ti lè na ẹsẹ̀. Mi ò kì í sọ̀rọ̀, ojú ni mo ń lò. Kápẹ́ńtà kan wà láàárín wọn, mo ti mọ̀ pé tó bá fi pẹ́ńsù sẹ́yìn etí, ó mọ ìdáhùn nìyẹn, tó bá sì ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, kò mọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ṣẹ́ẹ̀tì méjì ni Tíṣà ní, ọjọ́ tó bá wọ èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ já, kí ẹnikẹ́ni má bi í ní ìbéèrè. Obìnrin aránṣọ kan wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, òun ló sọ mí ní Ìyá Ẹnu Ọ̀nà. Ó ní ó jọ pé wọ́n gbà mí kí n máa ṣọ́ ilẹ̀kùn kí ìmọ̀ má bàa sá jáde. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, kò sí ẹni tí mo máa tún un sọ fún.

Ìgbà tí o fi ìpara orúnkún ránṣẹ́, o ní ilé ìwòsàn ńlá ọ̀dọ̀ yín ti fún mi láyè, pé wọ́n á yọ orúnkún tó ti jẹ, wọ́n á fi onírin rọ́pò rẹ̀, àti pé tí mi ò bá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n á fún láyè mi, ó di ọdún míì. Mo ní mo ti gbọ́. Rántí dáadáa, mo ní mo gbọ́, mi ò ní mo gbà.

Bébà tí o fi wé ìpara náà ló wá dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo tú u, mo fẹ́ jù ú nù, àfi bí ojú mi ṣe ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kà á! Ìwádìí Ọdún Yìí ni wọ́n kọ gàdàgbà sí orí rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì yín ló ṣe é, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn ju èémí mi lọ, ni mo bá gbé e fún Tíṣà. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun á kà á fún gbogbo kíláàsì. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ojú kọ́kọ́ yí sí ẹ̀yìn wá wò mí.

Ti àwọn dókítà ló kọ́kọ́ kà. Háà! Wọ́n ní wọ́n kó àwọn aláìsàn jọ, wọ́n fún wọn ní hóró oògùn tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, ṣúgà lásán, wọ́n sì sọ ọ́ sí wọn lójú pé ṣúgà ni o, ni àwọn èèyàn náà bá gbé e mì, ni ara àwọn kan nínú wọn bá ń yá! Mo di bẹ́ǹṣì mú. Kápẹ́ńtà ní kí Tíṣà tún un kà, Tíṣà tún un kà, ṣúgà náà ni. Aránṣọ ní a jẹ́ pé láràárọ̀ ni òun ń pe dókítà sínú ife tíì òun tí òun ò mọ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, ìpara rẹ ni mo ń rò. Bí mo ṣe délé, mo fi ìka kan díẹ̀ níbẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Ọmọ mi, kì í ṣe ṣúgà. Ètè mi jó títí omi ìkòkò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo dúpẹ́ pé o kò rẹ́ mi jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúnkún ò tíì yá síbẹ̀, bá mi bi wọ́n léèrè, ti ṣúgà yẹn, èló ni?

Lọ́jọ́ kejì, ó kan àwọn tó ń wo ojú ọ̀run. Wọ́n ní wọ́n rí ìràwọ̀ kan tó fọ́ yángá bí ìkòkò, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń wo bó ṣe ń kú, bẹ́ẹ̀ ó ti kú kí baba ńlá baba wa tó dáyé, ìmọ́lẹ̀ ikú rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Ọ̀nà ló jìn. Tíṣà ní ó lè jẹ́ pé àwọn míì wà lókè yẹn tí wọ́n ti lọ, tí ìmọ́lẹ̀ wọn ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Mo kọ háà. Àṣé òkú la lè máa wò, tí à ń sọ pé ó ń tàn! Irú ẹbí wo ni wọ́n ní lọ́hùn-ún tí kò lè túfọ̀? Nígbà tí a jáde, mi ò lè gbójú sókè, torí mi ò mọ èyí tó yẹ kí n kí nínú wọn àti èyí tó yẹ kí n bá kẹ́dùn.

Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ kẹta ló dá mi dúró. Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan wà ní yunifásítì yín tí wọ́n ń sanwó oṣù fún pé kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa ronú? Wọ́n ní ẹnì kan ní ọkọ̀ ojú omi, pákó kan jẹrà, ó pààrọ̀ rẹ̀, òmíràn jẹrà, ó pààrọ̀ rẹ̀, títí kò fi ku pákó àtijọ́ kankan. Ṣé ọkọ̀ yẹn náà ni? Wọ́n tún ní tí ẹnì kan bá wá ṣa àwọn pákó àtijọ́ jọ, tó fi kan ọkọ̀ míì, èwo ni ti ọlọ́kọ̀? Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń bi ara wọn, ti ọdún yìí náà ò rí ìdáhùn, wọ́n ní ìwádìí ń tẹ̀ síwájú. Kápẹ́ńtà yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, ó gé e sí méjì lẹ́nu.

Èmi ni ọkọ̀ yẹn, ọmọ mi. Dígí wà nínú ojú òsì mi, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi síbẹ̀. Eyín iwájú mẹ́ta, inú ife omi ni wọ́n ń sùn. Orúnkún ló tún kàn. Ta ni yóò wá kù? Ó sì tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kì í ṣe orúnkún kan ṣáá, orúnkún tí mo fi kúnlẹ̀ bí ọ ni. Ọjọ́ tí ibà fẹ́ gbé ọ lọ, ọjọ́ tí o lọ fún ìdánwò, ọjọ́ tí o wọkọ̀ lọ sí ìlú tí a ò mọ ẹnì kankan, kí ni mo sọ? Mo ní ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ bí ọ kò ní já sásán. Kò sí ohun tí mo ní tó jù ú lọ. Tí wọ́n bá wá jù ú sínú garawa ilé ìwòsàn, kí ni màá máa fi bẹ̀bẹ̀ fún ọ? Irin? Irin ò rọbí rí! Mo pinnu pé mi ò ní wá. Kí n kúkú máa tiro, kí àdúrà mi máa rìn dáadáa.

Inú ìrònú yìí ni mo wà tí Tíṣà fi ní kí n wá kọ ọkọ̀ sójú pátákó. Mo dìde, orúnkún kọ̀, mo ṣubú lulẹ̀ gbì. Ọmọ mi, ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, Aránṣọ ni! Ó gbé orí mi lé itan, òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ń bọ̀ lára rẹ̀, ó ń béèrè pé ṣé mi ò ní ọmọ ni, tí wọ́n fi ń wo ẹsẹ̀ yìí níran. Bóyá ìjayà ló ṣí mi lẹ́nu, mi ò mọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ pátá, ti orúnkún onírin, ti ìkúnlẹ̀, ti garawa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ohùn mi nìyẹn. Mo ń retí pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. 

Aránṣọ ló sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé mo sùn nígbà tí wọ́n ń ka ti ìràwọ̀ ni. Ó ní ìràwọ̀ ló kú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò kú, torí ó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tipẹ́. Ó ní ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ ti kúrò lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ tí ọmọ mi ké, ojú ọ̀nà ló wà láti ìgbà náà tó ń lọ bá a, dókítà tó máa sáré lé e bá, wọn ò tíì bí i.  Kí n tó nu ojú mi tán, ó ti tún ní kí n wá máa jókòó ti òun níwájú, kí ìmọ̀ máa sá jáde tó bá wù ú.

Nítorí náà, mo gbà. Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún àwọn dókítà kí wọ́n má fi ṣúgà ṣe orúnkún náà, torí òjò wà. Kí wọ́n sì di èyí àtijọ́ fún mi, kí àwọn onírònú yẹn má lọ ṣa á jọ mọ́ eyín mi kí wọ́n fi kan ìyá míì, kí o má wá mọ èyí tí wàá fún lówó nínú àwa méjèèjì.

Láàárọ̀ yìí mo kúnlẹ̀ lórí èyí àtijọ́ fún ìgbà ìkẹyìn. Ó ké, èmi náà ké, mi ò dìde. Mo ní ohun rere tó ti kúrò nílé ń bọ̀ wá bá ọ, kò ní ṣìnà, bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó. Mo ní wàá rí ẹni tí yóò gbé orí rẹ lé itan níbi tí o bá ṣubú sí. Mo ní Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́. Mọ́, mo tún un sọ.

Mo ti wá rí i pé lẹ́tà pẹ̀lú ìràwọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n, kí ó tó dé, ẹni tó rán an ti di nǹkan míì. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú sì ń tì mí láti fi ẹnu sọ gbogbo èyí fún ọ. Torí náà, ẹni tó na lẹ́tà yìí sí ọ tí kò sọ nǹkan kan, èmi ni. Dákẹ́ kí o kà á tán. Dẹ́rẹ́bà ló dúró sẹ́yìn mi yẹn, mo ní ọmọ mi á san owó ọkọ̀, jọ̀ọ́ fi nǹkan lé e fún un, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló gbé mi gun àtẹ̀gùn yín. Tí o bá ti sanwó, dì mí mú wọlé, ẹsẹ̀ ń ro mí.

Èmi ni ìyá rẹ, èyí àtijọ́,
Ìyá Ẹnu Ọ̀nà.