Àwọn Ẹ̀mí Rẹ Tí A Ṣèèṣì Pè Wálé

Abúlé Nakham,
Etí odò Mekong.

Malikham, ọmọ mi àtàtà,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kó bá ọ nínú ẹ̀rín. Kí òtútù ilẹ̀ Hungary máa rí ọ lókèèrè, kó sì máa yà fún ọ. Láàárọ̀ yìí tí àwọn mọ́ǹkì tẹ́ńpìlì ń kọjá níwájú ilé, mo bu ìrẹsì alẹ̀mọ́wọ́ sínú igbá wọn lórúkọ rẹ, mo sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i lórúkọ Nomin, ọmọ Mongolia tí ẹ jọ ń gbé yàrá, nítorí ó ti dọmọ mi, wàá gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ara gbogbo wa le. Ìrẹsì ti wọ àká. Ẹfọ̀n wa ṣì ń jẹko lẹ́yìnkùlé, kó o sì bá mi dúpẹ́ lórí ìyẹn, torí díẹ̀ ló kù kó di ti ẹlòmíì. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní òun ò ní nǹkan kan pàtó láti sọ, ló bá jókòó tì mí, ó ń pe ohun tí n ó kọ fún mi. Mi ò kọ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá, ṣùgbọ́n mi ò fọkàn tán fóònù mọ́. Lẹ́tà kì í gan mọ́ èèyàn lójú. Ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó o gbọ́ mi dáadáa lánàá, torí náà jókòó, kí n rò ó fún ọ látòkèdélẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, èmi àti bàbá rẹ wà lábẹ́ igi àjàgbọn ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń bà sí. Ìwọ wà lórí afárá, o ń fi odò wọn hàn wá, bàbá rẹ sì ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ó ní ṣé odò nìyẹn àbí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. O ń rẹ́rìn-ín. O ní ká dúró, o fẹ́ fi ẹja kan hàn wá, torí ẹja náà kúkú ni ìwé tó o lọ kà. Bó o ṣe la ẹnu báyìí ni ojú rẹ gan. Ẹnu rẹ là sílẹ̀, ojú kan padé, èkejì là díẹ̀, irun rẹ tí afẹ́fẹ́ gbé sókè kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Mo pè ọ́, o ò dáhùn. Bàbá rẹ gbá fóònù nídìí bó ṣe máa ń gbá rédíò, o ò mira. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn.

Ìwọ náà dàgbà ní abúlé yìí, mo bi ọ́: bí ojú èèyàn bá gan, tí ẹnu rẹ̀ là, tí kò dáhùn nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é, kí la máa ń sọ? Ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀ ni. Ẹ̀mí méjìlélọ́gbọ̀n ló ń gbé ara èèyàn, wọ́n sì máa ń ta gìrì bí òròmọdìyẹ. Ṣebí o rántí nígbà tó o já bọ́ lórí igi máńgòrò, tí Bàbá Onkeo fi gbogbo ọ̀sán pè wọ́n padà wá bá ọ. Lórí igi tiwa nìyẹn o, ká má tíì sọ lórí omi tí kò mọ̀ wá rí.

A pè, a pè. Obìnrin kan ló ń dá wa lóhùn nínú fóònù pé ẹni tí à ń pè kò sí níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó bá mi yà nílé rẹ, kó kan ilẹ̀kùn kó wò ọ́, bóyá o sùn ni. Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Mo ní ṣé ìwọ náà ò bímọ ni, ó já fóònù mọ́ mi létí. Bàbá rẹ ní kí n má bá a jà, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ burúkú ni.

Láti ìgbà náà, oorun ò kun ojú mi. Gbogbo ohun tó o ti ń ròyìn fún wa látìgbà tó o ti débẹ̀ ló ń padà wá bá mi, mo wá rí i pé àmì ni gbogbo rẹ̀. O ní oòrùn ibẹ̀ máa ń lọ sùn kí àwọn ọmọ tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo fi ṣẹ̀rín nígbà yẹn, mo ní oòrùn wọn lọ́lẹ. O ní nínú ilé ìdáná tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń lò, kálukú ń kọ orúkọ sára ẹyin tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ sára ẹyin, ta ni yóò bá ọ wá ẹ̀mí tó sọnù? O ní wọ́n tẹ gbogbo ìka rẹ sórí gíláàsì kí wọ́n tó fún ọ ní káàdì tí wàá fi máa gbé ìlú, mo wá ń rò ó pé bóyá ibẹ̀ ni ẹ̀mí àwọn ìka ti kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́. O ní àwọn bàbá arúgbó máa ń jókòó sínú omi gbígbóná ní ìta gbangba, èéfín ń yọ lórí wọn, wọ́n ń ta ayò, ìwọ náà sì bọ́ sínú omi tì wọ́n. O ò béèrè ẹni tó ń koná sábẹ́ omi náà. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti ọkọ̀ ojú irin. O ní ẹ wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ẹ jẹun ọ̀sán ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹnikẹ́ni ò sì bi yín pé ọmọ ta ni yín. Àwa tí à ń wo òrùlé àbúrò mi ní Thailand lódì kejì odò, tí a lè ka aṣọ tó sá, a ò lè sọdá lọ kí i láìgba ìwé. Ibi tí èèyàn ti lè kọjá ààlà láìmọ̀, ẹ̀mí lè ṣẹ́kù sẹ́yìn láìmọ̀.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Bàbá rẹ tó ń bú mi pé mo fẹ́ fi ẹkún fa ibi, òun ni mo bá tó ń di ẹrù. Ó di ìrẹsì, ó di ẹja gbígbẹ, ó di àwọ̀n rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní bí oúnjẹ bá tán lọ́nà òun á máa pẹja jẹ lọ. Ó lọ sí ìdíkọ̀ ìgboro, ó béèrè ọkọ̀ Hungary. Wọ́n ní èyí tó jìnnà jù lọ́wọ́ àwọn ni ti Vietnam. Ó bi wọ́n pé ṣé ó gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní bàbá, ọkọ̀ òfurufú lẹ ń wá, ẹ lọ wá owó. Ó padà wálé, ó ní ká ta ẹfọ̀n. Mo ní ká tà á, kó lọ mú ọ wálé, ìwé ẹja tó kù kó o wá kà á lọ́wọ́ ẹja níbí. Ó ránṣẹ́ sí oníbàárà lọ́jọ́ náà gan-an.

Bàbá Onkeo ló ní ká kọ́kọ́ pe àwọn ẹ̀mí náà ná. Àwọn obìnrin àdúgbò wá bá mi ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a to òdòdó sí i lára, a gbé ẹyin sí i, a se àkùkọ pupa bàbá rẹ, èyí tó fẹ́ràn ju gbogbo wa lọ. Ó gbé e wá fúnra rẹ̀. Níwọ̀n bí o ò ti sí nílé, a gbé ẹ̀wù ilé ìwé rẹ sórí àga, a so òwú funfun mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá Onkeo pè wọ́n, ohùn rẹ̀ dé ojú odò. Ó ní ẹ̀mí orí, ẹ̀mí ojú, ẹ̀mí ọwọ́, níbi yòówù kí wọ́n há sí, nínú igbó, nínú omi, nílùú àjèjì, kí wọ́n padà wálé, kí wọ́n gun àkàsọ̀ yìí, ìrọ̀rí wọn ń dúró dè wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì ni fóònù dún. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú tó yọ kì í ṣe tìrẹ. Ojú roboto, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó mọ̀ mí. Mo ju fóònù sílẹ̀. Bàbá rẹ he é, ó bi í pé ṣé Malikham ni. Ojú náà fọ èdè tí a ò gbọ́, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ti tán, a ti pe ẹ̀mí ọmọ wa sínú ara ọlọ́mọ. Ibẹ̀ ni orí rẹ ti yọ lẹ́yìn èjìká rẹ̀, tó o ní fóònù rẹ bọ́ sódò bó o ṣe ń fi ẹja hàn wá, pé àwọn olùkọ́ sì ti kó yín lọ sí adágún ńlá kan lọ ka ẹja láti ọjọ́ kejì rẹ̀, pé fóònù Nomin nìyí, pé kí ló dé tí mò ń sunkún. Ọmọ mi, mi ò lè ṣàlàyé ìtura yẹn. Ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi àjàgbọn, mo ń súre fún ọmọ Mongolia ní gbogbo ìre tí mo mọ̀. Bàbá rẹ ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé fóònù ló bọ́ sómi. Ẹrù rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà lórí dídì.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tán lọ, ohùn rẹ yí padà. O ní ara rẹ le, pé láti àná ni nǹkan kan ń ṣe ọ́ ṣáá. O ní oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ mọ́. O jí, o ń gbóòórùn ìkòkò ẹja oníyọ̀ mi. O ní ó ń ṣe ọ́ bíi pé o ò sí níbi tó o wà, pé bí a bá ní kó o máa bọ̀, wàá bọ̀.

Láti àná. Èmi àti bàbá rẹ wo ara wa. Àná la pè wọ́n wálé. Wọ́n ti gbọ́, wọ́n ti dé, gbogbo wọn jókòó sínú ilé wa níbí, ìwọ sì wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú ara òfìfo. A ò ronú kàn án pé bí ẹ̀mí bá wálé, ara ńkọ́?

Mi ò ní purọ́ fún ọ, Malikham. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó o máa bọ̀ ni mo fẹ́ sọ, ó ti dórí ahọ́n mi. Oníbàárà ẹfọ̀n ti wà nínú àgbàlá. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ta ló máa dá mi lẹ́bi? Àmọ́ mo rántí ẹ̀rín tó o ń rín lórí afárá kí ojú rẹ tó gan. Mo bí ọ, mo wẹ̀ ọ́, mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ rí. Mo ní kó o fara balẹ̀ di ọ̀la. Mo sì ní kí oníbàárà máa lọ sílé rẹ̀.

Bàbá Onkeo kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní látìgbà tóun ti ń pe ẹ̀mí, òun ò lé ẹ̀mí jáde nílé rí, pé ọ̀nà tó wálé nìkan lòun mọ̀. Mo ní èmi á júwe ọ̀nà. Bàbá rẹ tún gbé àkùkọ mìíràn wá. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́, Bàbá Onkeo sì ń fi ohùn gbé e: kí wọ́n gba Vientiane, kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú, kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkọ̀, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n sọdá afárá, kí wọ́n gun àkàsọ̀ dé òkè, ilẹ̀kùn tí bàtà méjì wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan ti Nomin. Ibẹ̀ ló ti dákẹ́. Ó kọjú sí mi, ó ní ibi tó kàn lòun máa ń pe ibi tí wọ́n ń lọ lórúkọ, kí lòun ó pè é? Ilé ìwé ni? Ìlú òyìnbó ni? Ó ní ẹ̀mí kì í jókòó sí ibi tí kò bá lórúkọ gidi. Bàbá rẹ ń wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu mi ju omi ìkòkò lórí lọ, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ pè é ní ilé. Ẹ sọ fún wọn pé ilé Malikham ni wọ́n ń lọ."

Lánàá o pè, o ní o jẹ ọbẹ̀ ẹja wọn tán, o tún bù sí i, pé ó pupa fòò bí ẹni ata pa ṣùgbọ́n kò ta. Ẹ̀rín tó o rín dé tẹ́ńpìlì. Wọ́n ti dé nìyẹn. Mo sun oorun àná débi pé bàbá rẹ ní mo hanrun.

Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Nígbà tí owó ìrànwọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ bá wọlé, bàbá rẹ ní kó o rántí òun, àkùkọ méjì ló ti bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ, àgbàlá sì dákẹ́ láàárọ̀. Bó o bá ní i, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Má kó o sínú fóònù o, bí fóònù bá gan, owó á gan. Bí o ò bá sì ní i, má yá a, bàbá rẹ á máa jí fúnra rẹ̀. Òwú funfun wà nínú ìwé yìí. Kí Nomin so ó mọ́ ọ lọ́wọ́, kó fi èdè tirẹ̀ súre, ire ni ire ń jẹ́.

Kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí ojú rẹ má rí ibi. Kí ìwé ẹja yé ọ ju ẹja lọ. Kí ẹ̀mí rẹ, látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, jókòó tì ọ́, kí wọ́n bá ọ jẹun, kí wọ́n bá ọ rìn nínú òtútù, kí wọ́n má gbọ́ ohùn mi bí mo bá ṣèèṣì pè wọ́n.

Má wálé lọ́dún tuntun. Ka ìwé rẹ. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá sì bi ọ́ pé ibo ni ilé rẹ, nawọ́ sí yàrá yẹn, má tijú. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ,
Bouavanh.