Olùṣọ́ Mi àti Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Dókítà ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi tí mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́! Ó bi mí nípa oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ó bi mí nípa Olùṣọ́ — bí mo ṣe ń pe oògùn tó lé àwọn Àlejò lọ, ìyẹn àwọn ohùn tí èmi nìkan máa ń gbọ́. Àyà mi já. Kó má jẹ́ Olùṣọ́ mi o.

Ìṣẹ́gun, 7
Alága (Nùrẹ́nì, ọkọ mi) ti di ọlọ́pàá ìkòkò ọbẹ̀. Ó ń fi ṣíbí ré òróró dànù. Ó ní àkàrà tí mò ń rà ní Ìgàndó ló fà á. Mo ní kó fi àkàrà sílẹ̀, jàre. A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń ba òun náà, mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9
Ìtìjú! Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Èmi ọmọ Mùsùlùmí láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo jí ní ìdájí, mo jẹ sààrì — ìrẹsì, ẹran ọlọ́ràá — mo wá lọ. Dókítà rẹ́rìn-ín títí. "Ìyá Jibril, irú ààwẹ̀ yìí kò ní sààrì o!" Inú mi dùn. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ṣáájú àyẹ̀wò àkọ́kọ́, sààrì ló jẹ̀bi. Olùṣọ́ ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ajé, 13
Omi nìkan láti àná. Wọ́n ti tún gba ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16
Ó ṣì ga. Ó dín díẹ̀, àmọ́ ó ga. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn náà, ó máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀. Tá a bá fi sílẹ̀ báyìí, ó lè kó bá ọkàn mi. Ó ní ká fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní, bí àwọn Àlejò bá padà dé ńkọ́? Ó ní a ó jọ máa kíyè sí i ni. Kò búra. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Àbámẹ́ta, 18
Sìdíkátù, àbúrò Alága, wá láti Ayọ̀bọ̀. Ó ní kí n kúkú da gbogbo oògùn nù, ara mi ti yá. Oògùn ló jẹ́ kó yá! Ṣé ó ti gbàgbé aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà tí mò ń rán, tí mo gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, torí àwọn Àlejò ní ejò wà nínú rẹ̀? Mo fẹ́ràn ọmọ yìí, ṣùgbọ́n inú bí mi.

Ajé, 20
Mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò tíì lórúkọ.

Ọjọ́rú, 29
Mò ń tẹ́tí jù. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá dákẹ́, èmi náà á dákẹ́. Ọkàn tó dáa àbí orí tó pé — kò yẹ kí wọ́n ní kéèyàn yan ọ̀kan.

Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá
Mo wà nídìí ẹ̀rọ. Obìnrin kan pè mí. "Ọláṣùmbọ̀!" Kedere. Mo wo ojú fèrèsé, mi ò rí ẹnì kankan. Ó tún pè. Mi ò dáhùn. Màmá mi kọ́ wa pé a kì í dáhùn ìpè ẹni tá ò rí.

Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta. Alága yọjú láti yàrá. "Ṣùmbọ̀, ṣé o ò gbọ́ ni? Tòún, oníbàárà rẹ, ló wà ní géètì, ó wá gba aṣọ rẹ̀."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ń sunkún, mo ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.