Títẹ̀ Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ajé, 2 Oṣù Kẹta
Ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí ní fèrèsé oògùn ilé ìwòsàn. Orúkọ àwọn aláìsàn tò lójú kọ̀ǹpútà. Apòògùn á pe ti òkè pátápátá, á kó oògùn fún un, á wá fi máòsì tẹ orúkọ náà. Orúkọ á kúrò, á wọ ìwé "Ó ti gbà á", àwọn tó kù á sún sókè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ — ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Bàámi náà lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Mo gbọ́ pé wọ́n ti sọ fún gbogbo orí bẹ́ǹṣì pé ọmọ àwọn ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n dé, mo ní báwo ló ṣe lọ. Wọ́n ní dáadáa ni.

Ọjọ́rú, 4
Kò sẹ́ni tó pè mí. Èyí gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́bọ̀, 5
Wọ́n pè. Ìyá àgbà kan jókòó láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò pè é. Nígbà tó béèrè, ìwé ní ó ti gbà á. Wọ́n ní àbí ó fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀mejì ni. Ó sunkún lọ sílé.

Mo dán ètò náà wò nígbà ogójì. Ó ń ṣe jẹ́jẹ́. Ọmọ burúkú — níwájú mi nìkan ló mọ̀wà á hù.

Ẹtì, 6
Orí ń fọ́ Bàámi. Wọ́n ní oòrùn ni.

Ajé, 9
Mo lọ jókòó ti apòògùn. Ẹgbẹ́ mi ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju kọ̀ǹpútà wọn lọ. Bí ẹ̀rọ bá lọ́ra, á tún un tẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn adití. Mo sọ ọ́ ní Túntẹ̀.

Mo rí i. Ẹ̀rọ ò gbàgbé títẹ̀ kankan. Títẹ̀ àkọ́kọ́ yọ ẹni òkè. Ẹni tó tẹ̀lé e sún sí àyè rẹ̀. Títẹ̀ kejì bọ́ lé òun náà lórí. Ó ti gbà á — láì gba nǹkan kan. Nílé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèmi ń tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe mi ni. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Túntẹ̀ ní, "Ṣé èmi ni mo lé ìyá yẹn lọ?" Mo ní èmi ni.

Ìṣẹ́gun, 10
Mo ti tún un ṣe. Tí wọ́n bá tẹ orúkọ kan, ètò á di etí sí títẹ̀ yòókù títí orúkọ á fi sún tán. Á sì béèrè bóyá ó dá wọn lójú kó tó yọ ẹnikẹ́ni. Túntẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹní ń jà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kúrò.

Ìwé máa ń kọ àkókò tí wọ́n yọ olúkúlùkù. Mo wá àwọn tí wọ́n yọ tẹ̀lé ẹlòmíì lójú ẹsẹ̀. Mẹ́jọ. Túntẹ̀ ń pè wọ́n lórí fóònù, ó ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹnì kan, ti Ajé àkọ́kọ́. Mo ní kó má pe ìyẹn. Bàámi ni.

Mo sáré délé. Ìgò oògùn wọn ṣófo. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko! Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ní mo ti gbà á. Ṣé kí n wá dúró níwájú gbogbo èrò, kí n ní ẹ̀rọ ọmọ mi ń purọ́?"

Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ti mú Bàámi wọ yàrá lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, nọ́ọ̀sì ò tíì jáde. Kí Bàámi tó wọlé, wọ́n yíjú, wọ́n bi mí bóyá ara ẹ̀rọ náà ti yá.