Àbọ̀ Orógbó Tí Ẹ Kò Jẹ Tán

Màámi eléèéjí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé wọn kì í kí òkú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n báwo ni kí n ṣe kí yín? Mo ti lọ, mo sì ti bọ̀. Ibi tí a jọ ń pète láti lọ náà ni: òkè tí àwọn ará Ínkà kọ́lé sí láyé àtijọ́ ní Peru, àti erékùṣù Galápagos tí àwọn ìjàpá ràgàjì wà. Ìrìn àjò kan ṣoṣo ló kó méjèèjì pọ̀. Ọmọ mi obìnrin, tí ẹ máa ń fi ṣàwàdà pè ní orogún yín, ló bá mi lọ. Òun ló jókòó sí àga tó yẹ kó jẹ́ tiyín.

Àwọn ìyá ìjọ ní kí ló dé tí n kò lọ sí Jerúsálẹ́mù kí n kúkú di JP. Mo ní ìjàpá kò sí ní Jerúsálẹ́mù. Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ yín ló dà mí lórí rú.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí ìjàpá yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ wa ní Redan, nítòsí Atlanta? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ ní ọsibítù dé ni, ẹ kò tiẹ̀ jẹ́ kí n bọ́ bàtà. Ẹ ní kí n wá wò ó, pé eléyìí kì í ṣe ọkọ Yánníbo o, baba ọkọ Yánníbo ni. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Nígbà tí mo túmọ̀ fún yín pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ wá béèrè pé ta ló ń fún un ní orógbó jẹ. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń sọ pé ojú yín gbọ́dọ̀ rí i kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ẹ̀yin àti orógbó yín! Ẹ ó fi eyín bó èèpo rẹ̀, ẹ ó gé e, ẹ ó jẹ ìdajì, ẹ ó fi tíṣù wé ìyókù sínú àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì dúdú yẹn. Kí n tó jáde lọ sí shift láàárọ̀, ẹ ó ní kí n kúnlẹ̀, ẹ ó gbé orógbó sókè bíi pé Ọlọ́run nílò kó rí i dáadáa: orógbó ní í gbó ni sáyé, wàá gbó, wàá tọ́. Èmi á máa wo aago. Èmi á ní àmín Màámi, ó ti pẹ́ o, traffic ń bẹ ní ọ̀nà. Ní báyìí kò sí ẹni tó ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Mo máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, ó sì ń dùn mí.

Ìwé ọmọ Amẹ́ríkà yín la dúró dè, ká má baà máa tọrọ fíísà kiri. Ìwé náà jáde. Ẹ búra, ẹ mú àsíá kékeré lọ́wọ́, ẹ fi èéjí rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. A ti ń yan ọjọ́ tí a máa gbéra nígbà tí àyà yín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. A gbé yín lọ sí ọsibítù, ẹ kò sì padà wálé mọ́. Kí ló dé tí ẹ kò dúró díẹ̀ sí i?

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo tú báàgì dúdú náà. Àbọ̀ orógbó kan wà nínú tíṣù, ó ti gbẹ, ó ti le kankan. Ojú eyín yín hàn lára rẹ̀ kedere, pẹ̀lú ìlà tín-ín-rín láàárín níbi tí èéjí yín wà. Mo jókòó sílẹ̀ ní yàrá yín, mo sunkún bí ọmọdé. Aṣọ yín, mo ti pín in. Bíbélì yín wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n nǹkan tí eyín yín gé, lójú tèmi, ẹ̀yin gan-an nìyẹn. Mo pinnu pé màá gbé e dé erékùṣù yẹn, màá sin ín síbi tí ìjàpá ń rìn, kí n lè sọ pé ẹ dé ibẹ̀. Torí rẹ̀ nìkan ni mo fi lọ.

Peru la kọ́kọ́ dé. Òkè yẹn ga débi pé mi ò rí èémí mí. Èmi nọ́ọ̀sì, mo jókòó sórí òkúta bí aláìsàn, orogún yín ń fẹ́ mi. Àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń jẹ ewé kan fún òkè gíga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á sì wú lápá kan, bíi tiyín nígbà tí orógbó bá wà lẹ́nu. Mo rí màmá kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti kúnlẹ̀ kí i kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Kò ní èéjí.

Ahoro ìlú náà ńkọ́? Òkúta lórí òkúta, kò sí sìmẹ́ńtì, abẹ ò lè wọ àárín wọn. Fèrèsé wà, ẹnu ọ̀nà wà, àwọn onílé ni kò sí. Gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò, èmi ń ro ohun tí ẹ máa sọ. Ṣé ẹ máa béèrè ibi tí àwọn obìnrin ti ń dáná ni? Àbí ẹ máa sọ ti Ọ̀yọ́ Ilé, níbi tí ilé baba ńlá yín wà kó tó di igbó? Ẹ kì í parí ìtàn yẹn. Bí mo bá ní kí ẹ parí rẹ̀, ẹ ó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Màámi, kò tíì di odindi o. Ta ni kí n wá bi?

Ní pápákọ̀ òfurufú tí a ti máa wọkọ̀ lọ sí erékùṣù ni wàhálà ti dé. Èso, irúgbìn, erùpẹ̀, ohunkóhun tó lè hù, kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo ní irúgbìn, mo ní rárá. N kò purọ́. Lọ́kàn mi, orógbó kì í ṣe irúgbìn, àdúrà ni. Ta ló ń gbin orógbó ní Atlanta? Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ ìbọ̀wọ́ fa tíṣù náà jáde, ó tú u, ó gbé orógbó sókè síbi iná. Mo rí ìlà èéjí yín láàárín ìka rẹ̀. Ha! Mo figbe ta.

Orogún yín, tí kì í lè pe orógbó kí ohùn rẹ̀ má yẹ̀, ló da èdè Spain tí wọ́n kọ́ ọ ní school bo ọkùnrin náà. Ó ní ti ìyá ìyá òun ni, ẹnu màmá náà ló ti jáde. Àṣé ọ̀gbẹ́ni náà gbọ́ ọ pé eyín òkú la gbé wá! Ó sọ ọ́ sórí tábìlì kíá, ó ń nu ọwọ́. Ẹ̀yin ìbá ti ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nígbà tó wá yé e, ojú rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí garawa ìdọ̀tí. Garawa ìdọ̀tí, Màámi! Pẹ̀lú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀! N kò mọ ìgbà tí mo já a gbà. Mo ní kí orogún yín bá mi béèrè: bí mo bá jẹ ẹ́ ńkọ́? Ọkùnrin náà wò mí, ó wo àwọn èèyàn tó tò sẹ́yìn wa, ó ní kí n jẹ ẹ́ lójú òun.

Mo kúnlẹ̀ sórí táìlì níbẹ̀. Mo gbé e sókè bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mi ò wo aago. Mo fi ẹnu ara mi gba àdúrà náà: màá gbó, màá tọ́. Orogún yín ṣe àmín. Mo fi eyín mi sí ojú eyín yín, mo gé e. Ó le, ó sì korò débi tí omi fi bọ́ lójú mi. Ahọ́n mi ń wá ìlà èéjí yín kiri títí kò fi sí mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé ojú eyín yín ti tán láyé.

Nígbà tí a dé erékùṣù, mo rí ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ búlúù tó ń jó fún ìyàwó rẹ̀. Mo rí ẹranko òkun tó sùn gbalaja sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ti night shift dé. A sun inú ọkọ̀ ojú omi, ó ń mì wá bí ọmọ ẹ̀yìn. Ibi ìjàpá ló kẹ́yìn. Ó ń bọ̀ nínú koríko, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí alàgbà ìjọ. Mo kúnlẹ̀, mo kí i pé ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ó na ọrùn wò mí pẹ́, ó sì ń bá koríko rẹ̀ lọ. Orogún yín kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà kúnlẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi. Inú yín ni mo gbà wáyé. Inú mi lẹ gbà dé ọ̀dọ̀ ìjàpá. Àbọ̀ lẹ fi sílẹ̀ fún mi, Màámi. Ó ti dénú mi.

Èmi ọmọ yín, tí mo ṣì máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ kí n tó jáde.