Bùtá Tí Ràmọ́tù Ń Gbé Jìnnà sí Ìyá Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kùtọnu níbí. Mo kí Súlè àbúrò mi, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀. Ràmọ́tù ìyàwó rẹ̀ nìkan ni n kò tíì kí. Ẹ ṣe sùúrù fún mi, mà á dé ibẹ̀.

Òjò kò jẹ́ ká gbádùn ní Godomey tí mo ń gbé. Omi ti gba ojú ọ̀nà wa, ọlọ́kadà kì í fẹ́ wọlé mọ́. N ó ká ìró sókè, n ó wọ́ omi kọjá kí n tó rí èyí tí yóò gbé mi dé ọjà Tokpa. Bàtà ń tà díẹ̀díẹ̀, ọpẹ́ ni. Bí mo bá wọlé, kò sí ẹni tí yóò bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹ rántí iléyá èṣí, nígbà tí ẹsẹ̀ yín yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Egungun kankan kò ṣẹ́, àmọ́ ẹ̀rù bà mí ju yín lọ. Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ yín, mo ra àga onírọ̀rí fún yín, mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹ kò gbọdọ̀ dìde ṣe nǹkan kan. Kí ni ọmọ wà fún? Ẹ jókòó títí, débi pé ẹ kò lè lọ sí ẹ̀yìnkùlé mọ́ láìfọwọ́ ti ògiri.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé Ràmọ́tù kì í gbé bùtá àlùwàlá wá bá yín nídìí àga mọ́. Ó ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, lọ́jọ́ kejì á tún sún un síwájú díẹ̀, á wá dúró lẹ́yìn yín láìfọwọ́ kàn yín. Ìyàwó ilé, tó ń jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ rìn lọ bá omi! Mo ní kí Súlè gbé fóònù sí gbangba kí gbogbo ilé lè gbọ́, mo sì bú Ràmọ́tù bí ẹni pé ó jí ẹran inú ọbẹ̀. Ó ní kí èmi ọkọ òun má bínú. Ilẹ̀ mọ́, ó tún sún bùtá.

Àfi bí ẹ ṣe pè mí ní Jímọ̀ kan lóṣù tó kọjá, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge, pé ẹsẹ̀ ara yín lẹ fi dé mọ́ṣáláṣí. Ẹ dárúkọ Ràmọ́tù lẹ́ẹ̀mẹfà, mo kà á. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Mo jowú. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èmi lẹ bí o, ọmú Ràmọ́tù lẹ wá ń mu!

Owú yẹn ló gbé mi lọ bá ìyá onílé wa. Ará Pọ́bẹ̀ ni, a gbọ́ Yorùbá ara wa. Ó ti ṣubú rí lórí àtẹ̀gùn fáráńdà, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Èmi náà fẹ́ ní ìyá tí n ó gbé dìde. Mo gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá mi ṣa bàtà ní méjì-méjì. Ó bú mi, ó ní mo fẹ́ pa òun. Ọwọ́ ń yún mi láti dì í mú, n kò dì í mú. Ọ̀hún ni mo ti mọ iṣẹ́ tí Ràmọ́tù ń ṣe lẹ́yìn yín. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, èmi bú sẹ́kún, nítorí kì í ṣe ẹ̀yin.

Èmi ni mo fi ìfẹ́ dè yín mọ́ àga. Ẹ foríjì mí. Gbangba ni mo ti bú Ràmọ́tù, ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ ní gbangba, nínú lẹ́tà tí Súlè yóò kà sétí gbogbo ilé. Ẹ bá mi kí i wàyí. Mo ṣì ń jowú rẹ̀, n kò ní purọ́.

Bí mo bá ń bọ̀ ní iléyá, ẹ ní kó gbé bùtá náà sí etí títì, níbi tí mọ́tò yóò ti já mi sílẹ̀. Èmi ni n ó dúró tì í. N ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ ó rìn wá bá mi.

Ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ rìn títí ẹ ó fi sin ọmọ-ọmọ yín délé ọkọ. Ẹ bá mi kí tẹrú-tọmọ, kí ará ilé, kí ará àdúgbò.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń jowú,
Sìdíkátù