Ibi Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Dé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá

Fundi tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Èmi ò mọ̀wé. Ó ti búra pé òun ò ní sọ. Ó dáa. Kọ ọ́: ó di ọdún méjì tí Moinaecha ìyàwó mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wá ìwòsàn ní Maore, erékùṣù àwọn Faransé tó wà lódìkejì òkun. Ọkọ̀ rì. Kò sí òkú, kò sí sàréè.

Láti ọjọ́ náà n ò fi àdá kan igi langilangi mẹ́jọ ẹ̀yìn ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Á dúró, á nawọ́ sókè, ibẹ̀ ni n ó gé. N ó wá fi òkúta so ẹ̀ka wálẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó òdòdó láti já. Ta ni n ó fi wọ̀n wọ́n báyìí?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Wọ́n ti ga ju òrùlé lọ. Òórùn wọn ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ẹnu-Ata — Zalihata ọmọ mi, ọ̀kan ṣoṣo tó kù — gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo bọ̀ láti ìdí igi. Òdòdó yẹn ló ń tà fún àwọn tó ń se epo olóòórùn. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹyẹ lẹ fẹ́ kó máa bá wa já a ni? Ẹ gé igi yìí!" Mo ní kó lọ gé orí ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Orí tèmi ò lódòdó." Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bí ẹ ò bá gé e, ọ̀nà tí ìyá mi gbà ni n ó gbà. Kí ẹ̀yin àti igi yín jọ máa gbé."

Ewé gbáguda la jẹ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Fundi ní kí n gé e. Mo ní kó máa kọ̀wé, kó yé wàásù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Mo pọ́n àdá. Mo bá Ẹnu-Ata nídìí ààrò, mo ní lọ́la kó wá nawọ́ nídìí igi, tirẹ̀ ni n ó fi wọ̀n ọ́n. Ó wò mí títí. "Ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, Bàbá." Mo ṣebí àwàdà ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ilẹ̀ mọ́, kò sí nílé. Gèlè rẹ̀ wà lára igi àkọ́kọ́, ó so ó mọ́ ọn, ó ga ju orí mi lọ díẹ̀. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé.

Mo gùn ún lọ so okùn tí n ó fi fà á wálẹ̀ mọ́ òkè. Ibẹ̀ ni mo ti rí òkun — nígbà tí mò ń gé wọn kúrú, a kì í rí i láti ẹ̀yìn ilé wa. Ọkọ̀ kékeré kan, èèyàn kún un fọ́fọ́, ó kọjú sí Maore.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo gé e níbi gèlè.

Fundi ní kí n fọkàn balẹ̀, òkun pa rọ́rọ́ lónìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló pa rọ́rọ́ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ lọ.